Ọdún Ọlọ́jọ́ nílé fún bàbá tí kò lè dé Ẹnuwá mọ́: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

OmoIlode_Ife:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Wọ́n ti di ẹni ọdún 81, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù keje, egungun ìbàdí wọn kán, a dúpẹ́ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ó sì ti ń jinná díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni agbára wọn mọ, ìyẹn náà pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń tilẹ̀. Ọlọ́jọ́, ọdún ńlá Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, sì ti dé tán, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé Ọlọ́jọ́ kì í ṣe ọdún kékeré lọ́wọ́ wọn. Dérébà lọ́rì ni wọ́n, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe, ẹ sì mọ̀ pé ọdún Ògún ni Ọlọ́jọ́, ẹni tó ń fi irin jẹun ò lè fi ọjọ́ náà ṣeré. Láti kékeré mi ni mo ti ń wò wọ́n. Tó bá ti ku ọ̀la, wọ́n á fọ Bedford wọn látòkè délẹ̀, wọ́n á so màrìwò mọ́ bọ́mpà iwájú, wọ́n á sun iṣu, wọ́n á bu epo lé e, wọ́n á gbé e síbi táyà pẹ̀lú obì àti ẹmu, wọ́n á wá gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa bá lọ́rì náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á dárúkọ gbogbo ibi tó gbé wọn dé lọ́dún yẹn tó sì gbé wọn bọ̀. Ọmọ ìjọ ni wọ́n o, wọn kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní ìlú ló bí àwọn kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gba àwọn.

Ìgbà yẹn la ó tó wọṣọ lọ sí Ẹnuwá, gbangba iwájú ààfin. Ẹni tí ò bá tíì rí i rí, Ọ̀ọ̀ni á ti wọ Ìlófi fún ọjọ́ méje, ojú ò ní kàn wọ́n, àwọn obìnrin ìdílé bàbá àti ìdílé ìyá wọn á ti gbá gbogbo ààfin kí ibi lè bá ìdọ̀tí lọ, tí wọ́n bá wá jáde láti lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, adé Arè ló máa wà lórí wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni adé yẹn ń rí ìta. Tí ìlù Ọ̀sírìgì bá ti ń dún tí àwọn èèyàn bá ti fojú kan adé báyìí, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ohun tí oníkálukú ń wá ló máa tọrọ. Èjìká bàbá mi ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, màá ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, mo di orí wọn mú, wọ́n ń pariwo pé "tọrọ nǹkan, tọrọ nǹkan kíá!" mo bá ní kí Ọlọ́run fún mi ní bàtà pupa. Bàtà náà dé. Kánò ló ti wá, wọ́n rà á bọ̀ ní ìrìn àjò wọn tó tẹ̀lé ọdún yẹn.

Kánò yẹn ni nǹkan kejì tí mo fẹ́ bi yín. Obì gbànja ni bàbá mi ń kó lọ síbẹ̀. Wọ́n á dì í sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú kó má baà gbẹ, wọ́n á kó o lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ra obì ní Sábó níbí, ó di Òṣogbo, ó di Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwà, Tẹ́gìnà, Kàdúná, Sáríà, kí wọ́n tó wọ Kánò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, ojú ọ̀nà yẹn ni ọkàn wọn wà. Òru ló pọ̀ jù. Màá wà ní yàrá mi, màá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún mọ́tò bọ́ì wọn pé kó sọ̀kalẹ̀ kó lọ wo okùn ẹ̀yìn, pé afárá ti kù díẹ̀. Mo mọ̀ pé afárá Jẹ́bà ni, èyí tó wà lórí odò Ọya. Tí mo bá wá béèrè lówùúrọ̀ pé bàbá, ẹ sọ ti Jẹ́bà yẹn fún mi, wọ́n á kàn ní "ó ti pẹ́", wọ́n á yíjú sí ògiri.

Aṣọ aláró kan wà nínú àpótí màmá mi, bàbá mi ló rà á fún wọn ní Kánò, níbi kòtò aró Kofar Mata, ibẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ti ń rẹ aṣọ láti 1498. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ti ibẹ̀ fún wa dáadáa, wọ́n ní kòtò náà jìn ju èèyàn lọ, ẹni tó ń rẹ aṣọ á jókòó sétí rẹ̀, á ri aṣọ bọ̀ ọ́ á fà á jáde, á tún rì í, lẹ́yìn náà wọ́n á fi igi lu aṣọ ọ̀hún lórí ìtì igi títí á fi máa kọ mọ̀nà. Màmá mi ti lọ láti 2014. Aṣọ yẹn ṣì wà, tí èèyàn bá dì í mú pẹ́, ọwọ́ onítọ̀hún á kun búlúù.

Ohun tí mo ń béèrè rèé. Bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Èkó ní ká gbé bàbá sínú mọ́tò ká gbé wọn lọ sí Ẹnuwá, èmi ń bẹ̀rù èrò. Tí a bá wá ṣe é nílé, kí la máa ṣe tí kò fi ní dà bíi pé a ti wọ́n sẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí ńkọ́, ṣé kí n máa béèrè ni àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Omo_Ekun_Ilesa:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, Ọlọ́run á bá wa wo egungun náà sàn. Iléṣà ni mo wà, èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, torí náà mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ má gbé bàbá lọ sí Ẹnuwá. Egungun ìbàdí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná, ẹnì kan ṣoṣo ló máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún wọn. Àti pé kì í ṣe èrò nìkan ni mo ń wò. Bàbá tó ti gbé ọmọ lé èjìká níbẹ̀ rí, tí wọ́n bá wá jókòó sínú mọ́tò tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn, ó máa dùn wọ́n ju kí wọ́n wà nílé lọ.

Bàbá tèmi, òṣómàáló ni wọ́n. Fún àwọn ọmọ òde òní tó bá ń kà á, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tà aṣọ láwìn kiri nìyẹn, wọ́n á gbé aṣọ fún ọ loní, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé rẹ, wọn ò ní dìde àfi tí o bá sanwó, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni bàbá mi fi ń rìn, bọ́ńdù aṣọ lẹ́yìn, wọ́n ń ná Kàbà, wọ́n ń ná Lọ́kọ́ja, wọ́n ń dé Bídà. Oṣù December ni wọ́n máa ń wálé, nítorí Ìwúdé, ọdún Owá, ọba wa ní Iléṣà. Kò sí ibi tí ọmọ Owá máa wà tí ọkàn rẹ̀ ò ní fà sílé tí wọ́n bá ń ṣe Ìwúdé, tí Owá bá ń jáde tí àwọn ìjòyè àti ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi ń wá júbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò wá gbé wọn mọ́, a gbé àga wọn síwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ Ìwúdé, a wọ aṣọ òfì fún wọn, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí ààfin nínú ẹbí, ọ̀dọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà. Ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á wúre fún un kó tó máa lọ. Tí a bá dé, ọ̀dọ̀ wọn náà la ó padà sí, kálukú á ròyìn ohun tó rí. Wọ́n ò sí lójú agbo, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn la ti ń gba ọ̀nà lọ, ọ̀dọ̀ wọn la ń gbà bọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá.

Ti ìrìn àjò wá. Ó pẹ́ kí èmi tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi náà ń béèrè bí tìrẹ, "bàbá, ọdún wo lẹ dé Bídà? ọdún mélòó lẹ lò níbẹ̀?" wọ́n á ní mi ò rántí, ojú wọn á sì rẹ̀ wálẹ̀, torí ó ń dùn wọ́n pé wọn ò rántí. Ọjọ́ kan la ń jẹ iyán, mo kàn ní "bàbá, ta ló máa ń gún iyán fún yín ní Kàbà?" Háà! Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Wọ́n sọ ti obìnrin náà, bí odó rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe máa ń fi ẹran sábẹ́ iyán fún wọn kí àwọn oníbàárà yòókù má baà rí i, òjò tó lé wọn wọ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ tó jẹ wọ́n lówó aṣọ tí wọn ò sì lè lóṣòó tì í torí iyán yẹn. Wákàtí méjì gbáko! Iyán dì lórí tábìlì.

Nítorí náà ẹ má béèrè Jẹ́bà lọ́wọ́ bàbá. Ẹ béèrè ẹja. Gbogbo dérébà tó gba Jẹ́bà kọjá ló ti jẹ ẹja díndín etí odò yẹn.

Kí ẹ sì fi fóònù gbà á sílẹ̀, ohùn wọn gan-an, kì í ṣe kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nìkan. Ẹ kó o síbi méjì ó kéré tán. Àwọn olè já fóònù mi gbà ní 2016, ìdajì ohùn bàbá mi ló bá a lọ, bàbá sì ti kú nígbà náà. Ìdajì tó kù yẹn ni mò ń gbọ́ ní gbogbo Ìwúdé, pẹ̀lú àwọn ọmọ mi.

Alasela_Parakin:

Mi ò fara mọ́ ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ lókè yìí pátápátá o, ẹ má bínú. A gbé bàbá àgbà wa lọ sí Ẹnuwá lọ́dún tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, ìdájí la ti lọ, a rí ibi ìbòòji kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yí wọn ká, inú wọn dùn débi pé wọ́n ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ò kán o, àárẹ̀ àgbà lásán ni. Fún ti ìbàdí yìí, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.

Mekaniki_Lagere:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé àwọn irinṣẹ́ bàbá ṣì wà nílé? Dérébà ìgbà yẹn kì í rìn láìní àpótí sípánà, torí tí mọ́tò bá kú sínú igbó láàárín Mọ́kwà sí Tẹ́gìnà, ta lẹ fẹ́ pè? Àwọn fúnra wọn ni mẹkáníìkì ara wọn. Ẹ wá àpótí yẹn jáde, ẹ gbé e síwájú wọn lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, ẹ fún wọn ní àkísà àti epo díẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn nu ún. Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà kí a tó lọ sí Ẹnuwá, gbogbo irin la máa ń nù, àti kékeré àti ńlá, ẹnikẹ́ni ò ní fi irin kankan ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ á fi lọ. Ibi tí irin bá wà ni Ògún wà, àpótí sípánà bàbá náà sì ti tó.

IfeNiLondon:

Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti bàtà pupa yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti bá Ọlọ́jọ́ nílé láàárín ẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọdún nílé yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrìn àjò kan tí mo rìn, ó jìnnà sí mi ju Nàìjíríà lọ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ní 2010, British Museum ṣe àfihàn àwọn ère Ifẹ̀, láti oṣù kẹta lọ, àwọn ère idẹ àti ti amọ̀ tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú orí idẹ kan tó wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Ilé ìyá mi ò jìn sí agboolé Wúnmọníjẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 tí wọ́n fi bá àwọn orí idẹ wọ̀nyẹn pàdé nínú ilẹ̀. Láti kékeré ni ìyá àgbà mi ti ń fi ibẹ̀ hàn mí pé ibí yìí, ibí yìí gan-an ni.

Mo wá dúró síwájú ọ̀kan nínú wọn. Kò ju orí èèyàn lọ. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ lójú rẹ̀, èèyàn lè kà wọ́n. Àwọn ihò kéékèèké wà yí ẹnu rẹ̀ ká. Ètè rẹ̀ dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú ilé náà, àwọn òyìnbó ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo ní "Ẹ kú àjò o." Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ rò pé nǹkan mi bọ́ sílẹ̀ ni, ó wá bá mi wá a.

Láti ọdún yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ọlọ́jọ́ nínú fúláàtì mi. Aago wa pẹ̀lú ti ilé kì í yàtọ̀ títí di ìparí October, torí náà ohun tó bá ń lọ ní Ẹnuwá là ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan náà. A máa ń wọ aṣọ òkè, àwọn ọmọ mi méjèèjì tí ò tíì dé Ifẹ̀ rí náà máa ń wọ̀ ọ́. Mo ní òfin kan: a kì í jókòó tí adé bá ti jáde. Gbogbo wa á dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, a ó gbàdúrà, ẹni tó bá wà nínú kíṣìnì á sáré jáde. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù síwájú bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n nìkan wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé dúró tì wọ́n.

OmoIlode_Ife:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. "Ẹ kú àjò o" yẹn, mo kà á fún bàbá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ó kí i dáadáa." Mo ti sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé a ò lọ sí Ẹnuwá, ó bínú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ní òun ń bọ̀ wálé. Àpótí sípánà náà wà o, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà, eruku ti bò ó.

Tisa_Feyinti:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ fi ti Bràsíl kún un, torí màrìwò tí ẹ dárúkọ níbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwa mélòó kan lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, oṣù kejì ni, a sì bá ọdún Yemọja ní àdúgbò Rio Vermelho. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni wọ́n máa ń ṣe é lọ́dọọdún. Láti òru ni èèyàn ti ń tò pẹ̀lú òdòdó, pẹ̀lú lọ́fínńdà, pẹ̀lú dígí, wọ́n ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá, nígbà tó bá di ọ̀sán, àwọn apẹja á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí àárín òkun. Funfun ni gbogbo etíkun. Mo ti rí odò, mo ti rí Ọ̀ṣun, mi ò rí irú èyí rí.

Ohun tó mú mi jù ni obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, ẹ gbọ́ ọ o, àkàrà jẹ. Epo pupa ló fi ń dín in, ó là á sí méjì, ó fi edé àti ọbẹ̀ ata sáàárín. Láti 2005 ni ìjọba wọn ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè wọn, àkàrà tí à ń fi jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀! Ẹni tó ń túmọ̀ fún wa sọ fún un pé Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti wá. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára yẹ̀rì rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń sọ "Ifé, Ifé", kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ sí Ilê Axé Opô Afonjá, ilé òrìṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Mo sì rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ya á wẹ́wẹ́ bí a ṣe ń ya á níbí, ó gùn wálẹ̀, mariô ni wọ́n ń pè é. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba díẹ̀ kó tó lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n kó àwọn tó bí wọn lọ síbẹ̀ láìsí ẹrù lọ́wọ́, láìsí ìwé, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn gbé màrìwò dání, síbẹ̀ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ya á.

Àbá tèmi rèé: lọ́rì Bedford ti lọ, bọ́mpà ò sí mọ́. Ẹ so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá.

OmoIlode_Ife:

Ẹ kú ọdún o! Mo ṣèlérí pé màá padà wá jábọ̀. Ó ti rẹ̀ mí ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láìtíì kọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi ti dé látàná. Òun ló lọ já màrìwò wá, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ló bá a ya á, a so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá jí, wọ́n fi irin wọn tilẹ̀ jáde, wọ́n rí i, wọ́n dúró. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n ní "ta ló so èyí? Ó ti sún mọ́ òsì jù." A tún un so.

A wọ dàńṣíkí òfì fún wọn, a gbé wọn sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹni tó ń lọ sí Ẹnuwá láti agboolé wa ló yà, ẹ̀gbọ́n Iléṣà, ẹ kú làákàyè o, títí kan àwọn ọmọ tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wa. Mo kà wọ́n, mẹ́tàlélógún. Gbogbo wọn ni bàbá wúre fún, wọn ò fo ẹnì kan, nígbà tó yá ohùn wọn há, a ní kí wọ́n sinmi, wọ́n ní rárá.

A gbé àpótí sípánà síwájú wọn. Ìpata ni gbogbo ẹ̀ lójú tèmi, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń nu ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Mi ò tíì béèrè ẹja o! Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ lórí yìí, ẹ̀gbẹ́ Mọ́kwà ló ti tẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló le jù. Èyí tí wọ́n fín àmì sí lára, ọ̀gá wọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló fún wọn lọ́jọ́ fúrídọ̀mù. Wíìlì sípánà ńlá yẹn, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ní òun ló gbà wọ́n lóru kan tí táyà bẹ́ ku díẹ̀ kí wọ́n dé afárá Jẹ́bà, òjò ń rọ̀, obì ló kún ẹ̀yìn, mọ́tò bọ́ì wọn ń sunkún torí ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn lójú ọ̀nà òkè. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú òkùnkùn, wọ́n kó wọn sẹ́nu kí omi má baà gbé wọn lọ. Sẹ́nu o! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n sọdá, obìnrin ẹlẹ́ja kan rí bí wọ́n ṣe tutù, ó bu iná fún wọn kí wọ́n yá. Ìgbà yẹn ni mo wá béèrè pé báwo ni ẹja náà ṣe rí. Fóònù ń gba gbogbo ẹ̀, ọgọ́ta ìṣẹ́jú àti lé díẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi àti sórí íméèlì mi.

Nígbà tí Ọ̀ọ̀ni jáde, fóònù ló kọ́kọ́ fi hàn wá, ṣùgbọ́n ariwo Ẹnuwá fúnra rẹ̀ dé Ìlódè bí atẹ́gùn ṣe ń gbé e, ọ̀tọ̀ ni ti fóònù, ọ̀tọ̀ ni ti ìta. Gbogbo wa dìde. Bàbá ní kí a gbé àwọn náà dìde, èmi dì wọ́n mú lápá ọ̀tún, bọ̀ọ̀dá mi dì wọ́n mú lápá òsì. Wọn ò lè gbé ọmọ mi lé èjìká, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní "tọrọ nǹkan, tọrọ nǹkan kíá!" Ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì. Títí di báyìí kò tíì sọ ohun tó tọrọ fún ẹnì kankan.

Lọ́wọ́ alẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ, bàbá ní kí n lọ mú aṣọ màmá wá nínú àpótí. Mo mú un wá. Wọ́n fi di wíìlì sípánà yẹn, wọ́n gbé e lé àyà, wọ́n sì sùn lọ lórí àga. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tán ni. Àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì ti kun búlúù, mo fẹ́ fi omi nù ún, wọ́n lajú, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.